David Hinderer àti Ilé Ìsìn Alámọ̀ ti Kúdẹtì

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lóṣù yìí kò gbé ní ilẹ̀ Èkìtì. Ìlú Ìbàdàn ni ó ti ṣiṣẹ́, ní àkókò tí orúkọ Ìbàdàn jẹ́ orúkọ ẹ̀rù ní etí àwọn baba wa. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ní Òmù, tàbí ní Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé tàbí Ìdó, bá dúró níwájú ilé ìsìn àtijọ́ kan ní abúlé rẹ̀, tí ó sì bèèrè ibi tí àwọn tí ó kọ́ ọ ti kẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ Ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí yóò tọ̀ yóò mú un dé etí odò Kúdẹtì, níbi ilé amọ̀ kan. David Hinderer ni orúkọ ẹni tí ó dá ibẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí àwa náà wo ilé tí a ti bí wa.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Hinderer, láti ẹkùn Württemberg. A bí i ní nǹkan bí ọdún 1820. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ajíhìnrere ní Basel ní ilẹ̀ Switzerland, lẹ́yìn náà ó lọ sí Islington ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹgbẹ́ C.M.S. ti ń kọ́ àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlùfáà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà rán sí Áfíríkà jẹ́ ará Jámánì, nítorí pé àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́ wá kò tíì pọ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1849 ni Hinderer dé ilẹ̀ Yorùbá, ó sì wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọdún 1846. Èdè Hausa ni a kọ́kọ́ ní kí ó kọ́, nítorí pé ojú àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà wà lára àwọn ìlú òkè. Bí ó ti ń bá àwọn èrò àti oníṣòwò sọ̀rọ̀ ni ó rí i pé ẹni tí ó bá fẹ́ dé òkè ní láti gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá, Ìbàdàn sì ni ẹnu ọ̀nà náà.

Ó yẹ kí òǹkàwé rántí irú ìlú tí Ìbàdàn jẹ́ nígbà náà. Kì í ṣe ìlú aládé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ibùdó àwọn ọmọ ogun ni, tí àwọn ènìyàn láti Ọ̀yọ́ àtijọ́, láti Ifẹ̀, láti Ìjẹ̀bú àti láti Ẹ̀gbá kó jọ sí ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ogun ti tú ilẹ̀ Yorùbá ká. Ní ọdún 1840 àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti di alágbára jù lọ ní gbogbo agbègbè. Níbẹ̀, ogun ni iṣẹ́, ẹrú ni èrè, ẹni tí ó bá sì mọ ogun jà ni olóyè. Ìlú yìí ni Hinderer wọ̀ ní ọdún 1851, láìní ohun ìjà àti láìní ọmọ ogun lẹ́yìn. Àwọn ìjòyè gbìmọ̀ lórí ọ̀ràn rẹ̀. Àwọn kan kò fẹ́ ẹ, wọ́n rò pé òyìnbó a máa ba ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìkẹyìn wọ́n gbà á láàyè. Ó gbé àárín wọn ní oṣù díẹ̀, ó ń rìn káàkiri ìgboro, ó sì ń bá ẹnikẹ́ni tí ó bá fetí sílẹ̀ sọ̀rọ̀, títí àìsàn fi mú kí ó padà lọ sí ìlú òyìnbó láti sinmi.

Ibẹ̀ ni ó ti rí ẹni tí ó di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Anna Martin ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Hempnall ní agbègbè Norfolk, tí a bí ní ọdún 1827. Ọmọdé ni ó wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà ni ó ń gbé lọ́dọ̀ àlùfáà Francis Cunningham ní Lowestoft, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852 ni ó bá Hinderer ṣe ìgbéyàwó, kí ọdún náà tó parí wọ́n sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ibà mú obìnrin náà ní kété tí ó dé etí òkun wa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Síbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1853 àwọn méjèèjì wọ Ìbàdàn, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì jáde láti wò wọ́n, nítorí pé ojú ìlú náà kò rí obìnrin òyìnbó rí. Ará Abẹ́òkúta kan tí ń jẹ́ Daniel Olúbí wà pẹ̀lú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà, ó ti fi ìbọ àwọn òbí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti di onígbàgbọ́. A ó tún gbọ́ nípa rẹ̀ níwájú.

Ilẹ̀ tí wọ́n gbé wà ní ìhà gúúsù ìlú, lẹ́bàá odò tí ó fún àdúgbò náà ní orúkọ rẹ̀. Ilé amọ̀ tí a fi ewé bò ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé. Ní ti ìsìn, wọn kò dúró de ilé. Abẹ́ àgọ́ tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ni ìjọ ti kọ́kọ́ ń pàdé. Ẹni tí ó bá sì ti jókòó lábẹ́ irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé oòrùn a máa wọlé láti ẹ̀gbẹ́, pé òjò a sì máa gba orí wọlé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìsìn tòótọ́. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ láti sọ bí a ti ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó mọ sìmẹ́ńtì nìkan lè má mọ̀ ọ́n.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń mọ ògiri. A ó gbẹ́ ilẹ̀ pupa nítòsí ibi tí ilé yóò wà, a ó da omi sí i, àwọn ọkùnrin yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dán bí ẹ̀kọ. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ń pọn omi. Lẹ́yìn tí a bá ti pò ó, a ó fi í sílẹ̀ kí ó kan díẹ̀, a ó tún un tẹ̀, a ó wá sọ ọ́ ní ìṣù lé ọwọ́ ọ̀mọlé tí ó dúró lórí ògiri. Ìpele kan kì í ga ju orúnkún tàbí itan lọ. Bí a bá ti mọ ọ́n yí ilé ká, a ó fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ ní ọjọ́ mélòó kan kí a tó mọ ìpele kejì lé e. Ẹni tí ó bá kánjú, tí ó mọ ìpele tútù lé ìpele tútù, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi kó òkìtì amọ̀ kúrò ní ọjọ́ kejì. Nípa báyìí, ògiri amọ̀ jẹ́ olùkọ́ sùúrù fún àwọn tí ń kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ilé ìsìn kò rí bí ilé gbígbé. Ilé àwọn baba wa a máa ní àwọn yàrá kéékèèké yí àgbàlá ká, òrùlé rẹ̀ a máa wálẹ̀, fèrèsé kì í sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni a ń gbé ní ọ̀sán, yàrá sì wà fún orun àti fún ẹrù. Ilé ìsìn gbọ́dọ̀ jẹ́ yàrá kan ṣoṣo tí ó gùn, tí ó sì fẹ̀, kí gbogbo ìjọ lè rí pẹpẹ, kí wọ́n sì lè gbọ́ ẹni tí ń kàwé. Ó gbọ́dọ̀ ní fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè tó fún ẹni tí ó di ìwé mú. Nítorí èyí ògiri gbọ́dọ̀ ga ju ti ilé lọ, igi àjà sì gbọ́dọ̀ gùn kí ó lè ré ìbú ilé kọjá. Ibí ni iṣẹ́ ti le. Ọ̀mọlé wa mọ ògiri dáradára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pákó, ti ìlẹ̀kùn tí a fi ìdè irin kọ́, ti fèrèsé àti ti àga, kò tíì wọ́pọ̀. Àwọn Sàró tí ó ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ni ó mú un wá sí ọ̀pọ̀ ìlú wa, àwọn ọmọ ìlú sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.

Ní ti òrùlé, koríko bẹẹrẹ ni a ń lò ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ewé gbọ̀dọ̀gì àti imọ̀ ọ̀pẹ ni a sì ń lò ní ilẹ̀ igbó. A ó jẹ́ kí etí òrùlé náà yọ jáde jìnnà sí ògiri, kí òjò má bàa gbá ògiri jẹ. Ọ̀tá mẹ́ta ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ní: òjò, ikán àti iná. Bí a kò bá pa òrùlé dà lásìkò, òjò yóò wọ orí ògiri, ọdún díẹ̀ péré ni ó sì gbà kí ògiri tí ó ti dúró pẹ́ di òkìtì. Nítorí náà ilé alámọ̀ kì í ṣe ohun tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan tí a sì gbàgbé. Ọdọọdún ni ìjọ ní láti pèjọ tún un ṣe. A sì gbà pé ohun rere kan wà nínú èyí, nítorí pé ìran kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ kan ilé náà, kò sì sí ẹni tí ó lè wí pé baba òun nìkan ni ó kọ́ ọ.

Nígbà tí ilé ìsìn ti wà, ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún Ìyá òyìnbó, ọmọ méjì, Akínyẹlé ọkùnrin àti Yéjídé obìnrin. Ohun ìgboyà ni èyí jẹ́ fún ìjòyè ogun, nítorí pé àwọn ará ìlú ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ di ọ̀lẹ, tàbí pé òyìnbó yóò gbé àwọn ọmọ náà lọ. Díẹ̀ díẹ̀ ni àwọn mìíràn dé. Àwọn àgbà pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí wá, ìyà sì jẹ púpọ̀ nínú wọn. A ṣẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ fún ẹlòmíràn, a lù ẹlòmíràn, a sì lé ẹlòmíràn jáde kúrò ní ilé baba rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ni wọ́n sì jìyà jù, nítorí pé àwọn òbí wọn kò fẹ́ kí wọ́n fi òrìṣà ìdílé sílẹ̀.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀ nínú ìtàn yìí, nítorí pé òun ni ó kan àwa ará Èkìtì. Ní àwọn ọdún náà gan-an tí a ń mọ ògiri Kúdẹtì ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, lábẹ́ Balógun Ìbíkúnlé, ń jáde lọ sí ilẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n ń fọ́ ìlú, tí wọ́n sì ń kó ènìyàn wálé. Lẹ́yìn náà ni a fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí ìlú wa láti máa gba ìsákọ́lẹ̀. Àwọn ìjòyè tí ó fún Hinderer ní ilẹ̀, tí wọ́n sì dáàbò bò ó, àwọn náà ni ó ń kó àwọn baba wa lẹ́rú. Hinderer kò ní agbára láti dá ogun dúró. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni pé kò ti ìlẹ̀kùn ilé ìsìn mọ́ ẹrú. Ó fi owó ra àwọn kan padà nínú àwọn tí ogun kó. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọdébìnrin kékeré kan tí a já gbà kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tí ogun wọ ìlú wọn, tí a sì tọ́ ní ilé Hinderer. Ó sì ṣe, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọ náà àti ìyá rẹ̀, tí a ti mú lẹ́rú wá sí Ìbàdàn kan náà, ṣe alábàápàdé ara wọn, a sì wá ọ̀nà láti ra ìyá náà padà pẹ̀lú, kí ó lè wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ilé alámọ̀ tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá rẹ̀ kì í ṣe ilé kékeré.

Ní ọdún 1858 Sàró kan tí ń jẹ́ Henry Johnson kó aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ dé Ìbàdàn láti ran Hinderer lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Samuel, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ní ilé ẹ̀kọ́ Hinderer ni ọmọ náà ti ń kàwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn. Iṣẹ́ gbòòrò ní àwọn ọdún wọ̀nyí, ìjọ bẹ̀rẹ̀ ní Àrẹ̀mọ àti ní Ògùnpa pẹ̀lú, Hinderer tìkára rẹ̀ sì rìn lọ sí àwọn ìlú tí ó wà ní ìhà ìlà oòrùn, títí dé Iléṣà, ó ń wo ibi tí a lè gbé olùkọ́ sí.

Ìgbà ìdánwò wá dé. Ní ọdún 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá gbe Ìjàyè, àwọn Ìjẹ̀bú sì dí ọ̀nà. A fọ́ Ìjàyè ní oṣù kẹta ọdún 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà Èkó kò là. Bí ọdún márùn-ún ni Hinderer àti aya rẹ̀ fi wà nínú ìhámọ́. Owó tán, oògùn tán, iyọ̀ di ohun ọ̀wọ́n. Wọ́n ta aṣọ wọn, wọ́n ta agolo òfìfo àti ìdérí agolo, kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn aládùúgbò kan tí kò jẹ́ onígbàgbọ́ ṣàánú wọn. Nígbà gbogbo yìí agogo ìsìn kò dákẹ́ ní Kúdẹtì. Ní ọdún 1865 Henry Johnson kú sí Ìbàdàn. Ní ọdún kan náà Gómìnà Glover ní Èkó rán ọ̀gágun kan, Maxwell, láti la inú igbó Ìjẹ̀bú kọjá wá gbà wọ́n. Lójijì ni ó dé. Anna bá a lọ, nítorí pé ara rẹ̀ ti di ahẹrẹpẹ. Ọkọ rẹ̀ dúró láti to ọ̀ràn ìjọ kí òun tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n tún padà wá, ṣùgbọ́n agbára wọn ti tán. Ní ọdún 1869 wọ́n dágbére fún Ìbàdàn, ní oṣù kẹfà ọdún 1870 Anna sì sùn nínú Olúwa ní ilẹ̀ rẹ̀, ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Ìwé tí a kó jọ láti inú àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1872, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí a ti lè mọ bí Ìbàdàn ti rí nígbà náà. Ní ti Hinderer, yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìwàásù, òun ni ó túmọ̀ ìwé Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ tí John Bunyan kọ sí èdè Yorùbá, ìwé tí púpọ̀ nínú àwọn ìyá àti baba wa fi kọ́ ìwé kíkà.

Ta ni yóò máa bójú tó ìjọ? Kò sí òyìnbó tí ó dúró. Daniel Olúbí ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, ẹni tí ó ti bá wọn wọ ìlú gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́. Ó di díákónì ní ọdún 1871, lẹ́yìn náà ó di àlùfáà, ó sì ṣe olùṣọ́ ìjọ Ìbàdàn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ó kú ní ọdún 1912. Báyìí ni a ti rí i pé ohun tí Hinderer kọ́ kò wó nígbà tí ó kúrò níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sì lè fọwọ́ lẹ́rán. Ní ọdún 1875 ó tún wá sí ilẹ̀ wa, ó gba ọ̀nà Lẹ́kkí, ó sì ran iṣẹ́ lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ní Òde Oǹdó. Ní ọdún 1877 ni Charles Phillips dé láti máa ṣe olùtọ́jú ìjọ Oǹdó, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893. Láti Oǹdó náà ni ìtọ́jú àwọn ìjọ Èkìtì ti wá ní ìbẹ̀rẹ̀. Àìlera mú Hinderer padà sílé ní ọdún 1877, ó sì kú ní ọdún 1890.

Ìtàn rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ẹran ara nìkan ni ènìyàn. Ní ọdún tí ó kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, wọ́n kọ̀ àjàgà Ìbàdàn, Fábùnmi àti Ògèdèǹgbé sì ṣíwájú wọn. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn ọmọ ogun méjèèjì dojú kọ ara wọn láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí, ẹnìkan kò sì lè lé ẹnìkejì. Ní ọdún 1886 ni Gómìnà Moloney ní Èkó rán ìránṣẹ́ àlàáfíà méjì. Ọ̀kan ni Charles Phillips láti Oǹdó. Ìkejì ni Samuel Johnson, ọmọ tí ó ti kàwé ní Kúdẹtì, tí ó ti dàgbà di olùkọ́ ní Àrẹ̀mọ àti òjíṣẹ́ ìjọ. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, láàrin ibùdó méjì tí ìbọn kò dákẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó gbà pé àwọn ìlú Èkìtì yóò wà ní òmìnira, ní oṣù kẹsàn-án a sì tú ibùdó Kírìjí ká. Ìyókù àwọn ọmọ ogun kò padà sílé pátápátá títí di ọdún 1893. Ọmọ tí a tọ́ ní ìlú tí ó kó wa lẹ́rú ni ó wà lára àwọn tí ó gbé àlàáfíà wá fún wa. Òun kan náà ni ó kọ ìwé ńlá lórí ìtàn Yorùbá, tí ó parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà là fún àwọn tí ó wà ní ìgbèkùn. Láti Ìbàdàn, láti Abẹ́òkúta àti láti Èkó ni àwọn ọmọ Èkìtì ti ń padà bọ̀ wá sílé, àwọn kan nínú wọn sì ti di onígbàgbọ́. Wọn kò mú wúrà tàbí fàdákà bọ̀. Bíbélì Yorùbá, ìwé orin àti ìwé ABD ni ẹrù wọn. Nígbà tí wọ́n sì rí ènìyàn mélòó kan kó jọ, wọ́n ṣe bí wọ́n ti rí i lọ́hùn-ún: wọ́n pa àgọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n tẹ amọ̀, wọ́n sì mọ yàrá gígùn kan tí ó ní fèrèsé. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìsìn àkọ́kọ́ ní àwọn abúlé wa fi jọ ara wọn. Nígbà tí owó kòkó wá dé, a ká koríko kúrò, a fi páànù bò ó, a rẹ́ ògiri, a fi sìmẹ́ńtì sí ilẹ̀. Ní ibòmíràn a wó gbogbo rẹ̀, a sì fi òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù kọ́ èyí tí ó tóbi jù, pẹ̀lú ilé agogo.

A kò sọ pé ó burú láti kọ́ ilé tí ó dára fún Ọlọ́run. Ìjọ tí ó pọ̀ sí i kò lè gba inú yàrá tí a mọ fún ènìyàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń bà wá lẹ́rù: pé a lè wó ilé àtijọ́ lọ́jọ́ kan, kí àwọn ọmọ wa má sì mọ̀ mọ́ pé ẹrú tí ó gba òmìnira ni ó fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ rẹ̀. Nígbà náà wọn yóò rò pé owó ni ó ń kọ́ ilé Ọlọ́run. Ilé amọ̀ Kúdẹtì ni ẹ̀rí pé kò rí bẹ́ẹ̀. A kọ́ ọ nígbà ogun, a pa á mọ́ nígbà ìyàn, àwọn tí ó ti inú irú rẹ̀ jáde sì tún ilẹ̀ wa ṣe.

Nítorí náà a ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin alàgbà ìjọ ní gbogbo abúlé wa. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri àtijọ́ kan, ẹ kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jáde pẹ̀lú okùn, kí wọ́n wọn gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti ìnípọn ògiri rẹ̀. Ẹ ka iye fèrèsé, ẹ kọ ibi tí pẹpẹ wà àti ibi tí àga ìwàásù wà. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà léèrè ibi tí a ti gbẹ́ ilẹ̀ náà, ìdílé tí ó gé igi àjà, àti orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ka ìwé níbẹ̀ àti ìlú tí ó ti bọ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìjọ, kí ẹ sì pa agogo àtijọ́ àti ìlẹ̀kùn àtijọ́ mọ́ bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ògiri náà bá sì lágbára tó láti dúró, ẹ bò ó dáradára kí òjò má wọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó di ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kí àwọn ọmọdé lè máa kọ́ Ọ̀rọ̀ náà ní ibi tí àwọn baba wọn ti kọ́ ọ.

Ìjọ St. David's ní Kúdẹtì ṣì wà títí di òní. Ọmọ Èkìtì tí ó bá bá òwò tàbí ẹ̀kọ́ dé Ìbàdàn, kí ó yà síbẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan, kí ó sì kúnlẹ̀. Kò ní jẹ́ àlejò níbẹ̀.